Òǹkàwé Tí Òfin Ní Kó Má Gbà Wá Gbọ́

Irú ìwé kan wà tí ìran tiwa ń kọ ju ewì lọ, tí a ń kọ ju ìtàn àròsọ lọ, síbẹ̀ a kì í rí ẹni tó jókòó ṣe àríwísí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù físà ni. Ẹ wò ó dáadáa, ìtàn ni. Ó ní olú ẹ̀dá ìtàn, ó ní ibùdó, ó ní àkókò, ó sì gbọ́dọ̀ parí síbì kan ṣoṣo: olú ẹ̀dá ìtàn gbọ́dọ̀ padà sílé. Òǹkàwé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni náà wà lẹ́yìn gíláàsì, ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa fi kà á, òǹkọ̀wé ló sì ń sanwó kí òǹkàwé tó lè kà á. Láti ọdún 2023, $185 ni owó fọ́ọ̀mù àbẹ̀wò sí Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, €90 ni ti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen. Bí ìtàn náà kò bá wọ òǹkàwé létí, owó ti lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe, fọ́ọ̀mù la sì fi ń jẹun. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ wa ni pé kò sí àpótí kan nínú fọ́ọ̀mù tó débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan jókòó, ó ronú irú èèyàn tó máa kọ ọ́, ó sì pinnu ohun tí ẹni náà máa lè sọ àti ohun tí kò ní ráyè sọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ka fọ́ọ̀mù yìí bí ìwé, kí a sì kà á mọ́ iṣẹ́ méjì tó ti gbìyànjú láti sọ ohun tí físà ń fi ojú àwọn èèyàn wa rí. Àkọ́kọ́ ni ìtàn kúkúrú "The American Embassy" tí Chimamanda Ngozi Adichie fi sínú ìwé rẹ̀ The Thing Around Your Neck ní 2009. Èkejì ni fíìmù Eyimofe tí àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri ṣe, tó jáde ní 2020. Òkèhò la ti ń kà wọ́n. Ìyẹn máa hàn nínú bí a ṣe ń kà wọ́n, a ò sì tọrọ gáfárà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òǹkàwé. Tí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o!", tí àwọn ọmọ bá dáhùn "Ààlọ̀!", àdéhùn ti wà nílẹ̀. Ìjàpá lè gbé agbè ọgbọ́n kọ́ àyà kó máa gun igi, kò sẹ́ni tó máa ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá. Òǹkàwé físà kì í dáhùn "Ààlọ̀". Òfin ni kò jẹ́. Nínú òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì ní 1952, abala 214(b) ló sọ pé ẹni tó bá wá tọrọ físà àbẹ̀wò, kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gbà pé ńṣe ló fẹ́ wá tẹ̀dó, àfi tí onítọ̀hún bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, àpótí lè ní ìdáhùn tí a ti fi sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìdáhùn tó wà nínú àpótí yìí ni "kò ní padà". Ìwọ lo máa yí i. Tí o kò bá rí i yí, bó ṣe wà náà nìyẹn. Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ náà burú o, ó lè jẹ́ ọmọlúwàbí dáadáa nílé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ló ṣe ń kàwé.

Adichie mọ òǹkàwé yìí. Àsìkò Abacha ni ìtàn rẹ̀ wáyé, lórí ìlà gígùn níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó. Obìnrin kan wà lórí ìlà náà, Adichie kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ oníròyìn, ó kọ ohun tí ìjọba kò fẹ́ gbọ́, ó sì ti sá kúrò nílùú. Àwọn tó wá a wálé kò bá a, wọ́n yìnbọn pa ọmọ wọn, Ugonna, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn èèyàn ti kọ́ obìnrin náà bó ṣe máa rò ó: kó má kólòlò, kó jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ náà bí ẹni gidi, kó sunkún ṣùgbọ́n kó má sun ún jù, torí pé ojoojúmọ́ làwọn kan ń fi òkú ẹbí tí wọn ò bí sáyé rí gba físà. Ẹ tún ìmọ̀ràn yẹn kà. Ìmọ̀ràn òǹkọ̀wé ni! Ohun tí wọ́n ń sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kíkọ náà nìyẹn: jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn rẹ di ẹni gidi, má jẹ́ kí omijé pọ̀ jù. Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n wá ń sọ ọ́ fún. Lójú tiwa, ibí yìí ni agbára ìtàn náà wà. Ó jẹ́ ká rí i pé físà ti sọ ìbànújẹ́ di iṣẹ́ ọnà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rò ló ń rí i gbà. Nígbà tí obìnrin náà dé iwájú gíláàsì, tí òṣìṣẹ́ ń bi í pé ẹ̀rí dà, ó yí padà, ó ń lọ. Kò ta ọmọ rẹ̀. Òdòdó ló fẹ́ lọ gbìn sórí sàréè ọmọ náà ní ìlú wọn.

A ní àròyé kan ṣá. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó ń tọrọ ibi ìsádi ti gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ wọn tàbí kó ti dé ẹnu bodè wọn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà ní Èkó. A ò rò pé ìyẹn ba ìtàn náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó bo nǹkan kan tí à bá fẹ́ rí mọ́lẹ̀. Ìtàn tí obìnrin yìí gbọ́dọ̀ sọ àti èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó yí i ká lórí ìlà náà gbọ́dọ̀ sọ, ńṣe ni wọ́n tako ara wọn. Ẹni tó fẹ́ ṣàbẹ̀wò gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé dùn débi pé kò lè ṣe kó má padà. Ẹni tó ń wá ibi ìsádi gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé korò débi pé kò gbọdọ̀ padà. Sàréè Ugonna, tó jẹ́ ìdí tí ìyá rẹ̀ kò fi lọ, òun náà ló yẹ kó jẹ́ ìdí tí wọ́n á fi gbà á láyè láti lọ. Ká ní àbẹ̀wò ló bá wá, sàréè yẹn ì bá jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù pé á padà wálé. Sàréè kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì. Fèrèsé tó o bá dé ló máa pinnu èyí tí wọ́n á gbà.

Ọ̀rọ̀ sàréè yìí ló gbé wa délé. Ní Òkèhò, tó o bá wọ agbo ilé àtijọ́, o lè jókòó lórí sàréè bàbá àgbà kó o máa jẹ̀kọ. Inú ilé ni wọ́n sin wọ́n sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ, àwọn ọmọ ń sáré kiri lórí rẹ̀. Kí ló tún lè so èèyàn mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ? Kò sí àpótí fún un. Òṣìṣẹ́ ń wá okùn tó so ọ́ mọ́lé, ohun tó sì kà sí okùn ni owó oṣù, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́, àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà, ìwé ilé. Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa, kò sí orúkọ ẹnìkan lórí rẹ̀, kò sí ìwé gómìnà. Àgbẹ̀ tó ta gbágùúdá àti àgbàdo lọ́jọ́ ọjà, ọwọ́ ló fi ń gbowó, ọ̀dọ̀ alájọ ló ń gbé e lọ. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn aláta, tí kò lè kúrò nílùú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjà má dàrú, "kò níṣẹ́" ni ẹni tó ń bá a tẹ fọ́ọ̀mù máa kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Tí irú wọn bá kọ òtítọ́ sílẹ̀ láìfi iyọ̀ kankan sí i, wọ́n á dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láyé. Ibẹ̀ ni ajẹ́ńtì ti ń wọlé. A máa padà sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwàdà wa náà kò ràn wá lọ́wọ́. Jápa la ń pè é. Ẹni tó bá já, okùn ló já. Wọ́n ń bi wá pé okùn dà, àwa ń fi jíjá okùn sọ ìrìn àjò wa lórúkọ.

Kì í ṣe pé ìlú yìí kò mọ ìrìn o. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 1916, tí Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba amúnisìn, gbogbo ìlú ló ṣí ní 1917 kúrò ní ibùdó àtijọ́ lórí òkè wá síbi tí a wà lónìí. Ìwọ̀ oòrùn wa, bodè kan tún wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹni tó ń ti Òkè-Ògùn lọ sí Sábẹ̀ẹ́ lè pàdé ẹni tó máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, a ò ní purọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ní kó wá ro ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn àgbà mọ oníbodè tó ń gbowó. Oníbodè tó ń gba ìtàn, ti ọ̀run nìkan ni wọ́n mọ̀, èyí tó ń bi ẹni tó ń bọ̀ wá sáyé pé níbo lò ń lọ, kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ìyẹn náà, tó o bá ti sọ ọ́, ó fàṣẹ sí i, ó ṣílẹ̀kùn.

Ká padà sórí ìlà Èkó. Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn obìnrin inú ìtàn Adichie, òun ni a fẹ́ mọ̀ sí i. Ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ó mọ irú físà tí wọ́n ń fúnni àti irú èyí tí wọn kì í fúnni. Adichie lò ó bí ariwo, kí ìdákẹ́jẹ́ obìnrin náà lè hàn. Ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò sẹ́ni tó pa ọmọ wa. A kàn fẹ́ lọ ni. Ìtàn náà kò mọ ohun tó máa fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe, àfi bí ẹni pé ó dìgbà tí ìbànújẹ́ ńlá bá ṣẹlẹ̀ síni kí èèyàn tó yẹ ní kíkọ.

Eyimofe mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á ti gbọ́ "èyí mo fẹ́" nínú orúkọ rẹ̀. Abala méjì ni fíìmù náà, èkíní ń jẹ́ Spain, èkejì ń jẹ́ Italy, Èkó la sì wà ní tiwa. Mofe ń tún iná ṣe ní ilé iṣẹ́ kan. Rosa ń ṣerun lọ́sàn-án, ó ń tajà ní ilé ọtí lálẹ́. Èéfín jẹnẹrátọ̀ pa arábìnrin Mofe àti àwọn ọmọ rẹ̀, owó tó yẹ kó gbé e dé Spain wá di owó ọsibítù, owó lọ́yà, owó ìwé. Ti Rosa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó fẹ́ bá wọn ṣe ọ̀nà Italy, oyún inú Grace, àbúrò rẹ̀, ló fẹ́ gbà bí owó ọ̀nà. Àwọn Esiri kò sáré. Wọ́n mú wa láti iwájú tábìlì kan dé iwájú tábìlì mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń lu òǹtẹ̀, tí wọ́n ń ní kí Mofe lọ kó padà wá, títí ó fi yé wa pé kò di dandan kí òyìnbó kankan kọ̀ fún un. Ilé ló ti kọ́kọ́ ń kọ̀ fún un. Kò sí ẹni tó lọ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí fíìmù yìí rí tí ìtàn Adichie kò rí nìyẹn, pé gíláàsì ẹ́ḿbásì kọ́ ni gíláàsì àkọ́kọ́.

Èyí tó ṣẹ́ kù fún un ni pé Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìka ọwọ́ kì í rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fẹ́ físà Amẹ́ríkà láti Òkèhò gbọ́dọ̀ gbé ìka rẹ̀ gba Ìsẹ́yìn, gba Ìbàdàn, kó sùn sílé ìbátan kan l'Ékòó, kó jí ní ìdájí kó má bàa pẹ́. Ìrìn àjò kan ti wà kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀. A ò tíì rí i nínú fíìmù kankan.

Tí òǹkàwé bá kọ ìtàn náà, òun náà á kọ̀wé padà, ibẹ̀ la sì ti ń rí i pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ọnà tirẹ̀. Ti Amẹ́ríkà kúrú, ìwé kan náà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn: 214(b), ó dàbọ̀. Ti Schengen ní àwọn ìdí tí òfin físà wọn ti 2009 ti tò sílẹ̀, wọ́n á sàmì sí èyí tó bá ọ mu. Ọ̀kan nínú wọn ni pé wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá wàá kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí físà tó tán. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ àríwísí gidi. Wọ́n á mú àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ, wọ́n á tọ́ka sí owó kan tó wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní kò bá owó oṣù tó o sọ mu, wọ́n á sì ti ibẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ń lọ, pé kò dá wọn lójú pé àbẹ̀wò lásán lò ń bọ̀ wá ṣe. Ká ní ìwé ìtàn ni wọ́n ń kà fínnífínní báyìí, à bá gbóríyìn fún wọn. Àléébù ibẹ̀ ni pé wọ́n ń ka ìwé ìlú tí wọn ò mọ̀. Owó àjọ tó kó lẹ́ẹ̀kan náà, tó bọ́ sí ìyá aláṣọ lọ́wọ́ torí ó ti kàn án, owó tí kò ní orísun ni lójú irú àríwísí yẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Wọlé Ṣóyínká, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní Èkó kọ̀wé sí i pé àwọn ti fagi lé físà rẹ̀. Bàbá pe àwọn oníròyìn, ó ka lẹ́tà náà sétígbọ̀ọ́ wọn, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ bí ẹni tó gba lẹ́tà ìfẹ́. Ó wù wá. Ohun tó yẹ ká máa fi irú ìwé yẹn ṣe nìyẹn, ká kà á síta, ká tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣóyínká ni, ó ní òǹkàwé káàkiri ayé. Àwọn tiwa ń ká a, wọ́n ń fi í sínú ọ̀rá, wọ́n ń fi í sábẹ́ àpótí aṣọ, aládùúgbò ò gbọdọ̀ gbọ́.

Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà, DS-160, ní àwọn ibì kan tó dùn ún kà. Ó ń béèrè bóyá o wà nínú ìdílé tàbí ẹ̀yà kan, o sì máa yan bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹni pé ẹnìkan wà tó máa sọ pé òun kò ní ìdílé. Ó ń béèrè bóyá o fẹ́ wá ṣe amí. Tó o bá dákẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ó máa ti ara rẹ̀ pa. Apàlọ́ kò gbọdọ̀ sinmi. Ó tún ní àpótí kan fún orúkọ rẹ ní ìkọ̀wé ìbílẹ̀ rẹ. Àwọn ajẹ́ńtì máa ń ní ká tẹ "kò kàn mí", torí wọ́n rò pé Lárúbáwá àti Ṣáínà nìkan ló wà fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nísàlẹ̀ ojú ìwé ìrìnnà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kà á, ìlà méjì ló wà, àmì 44 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, A dé Z àti nọ́ńbà, kò sáyè fún àmì ohùn, kò sáyè fún ẹ̀ẹ̀kán abẹ́. Òjó, orúkọ àmútọ̀runwá, á di OJO, kò ní yàtọ̀ sí òjò tó ń rọ̀ àti ọjọ́ tí a ń kà. Àpótí kan ṣoṣo tí fọ́ọ̀mù náà yà sọ́tọ̀ fún orúkọ bí àwa fúnra wa ṣe ń kọ ọ́, àwa la ń sọ pé kò kàn wá.

Ìbéèrè tó wù wá jù wà níparí, kó o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́: ǹjẹ́ ẹnìkan bá ọ kọ fọ́ọ̀mù yìí? Ìbéèrè nípa òǹkọ̀wé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, torí ajẹ́ńtì ló ní kí wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀. A ti ka lẹ́tà tí àgbẹ̀ kan, aránṣọ kan àti olùkọ́ kan fi ti fọ́ọ̀mù tiwọn lẹ́yìn. Ohùn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń hára gàgà láti rí àwọn ilé àtijọ́ àti láti mọ àṣà ibẹ̀. Rárá o, a ò bú ajẹ́ńtì. Ó mọ òǹkàwé ju àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ, ó ń kọ ìtàn tí òǹkàwé yẹn lè kà. Àgbẹ̀ náà fúnra rẹ̀ la ò rí mọ́ nínú lẹ́tà tirẹ̀.

Màmá ọ̀kan nínú wa fẹ́ lọ wẹ ọmọ ní Houston. Wíwẹ ọmọ kò sí nínú àwọn ìdí ìrìn àjò tí wọ́n tò síbẹ̀, a mú èyí tó sún mọ́ ọn. A bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. A bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa padà wá ṣe, torí wọ́n lè bi wọ́n níwájú gíláàsì. Wọ́n ní, "Ta ló máa bá mi wo bàbá yín?" Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá ti wà nínú yàrá òsì, lábẹ́ sìmẹ́ńtì. A ní kí wọ́n má sọ ìyẹn, kí wọ́n sọ pé àwọn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn kò ní purọ́, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bùnmi ni. Nígbà tá a dé orí ìbéèrè pé ta ló bá wọn kọ ọ́, a tẹ bẹ́ẹ̀ ni, a kọ orúkọ wa, àti níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí a jẹ́ sí wọn, a kọ ọmọ.